Ènìyàn Laṣọ, Àbí Káàdì Laṣọ?

Yorùbá gbà pé ènìyàn laṣọ, èyí tí àlàyé rẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnikẹ́ni, ìhòòhò ni ó wà, ìbáà wọ agbádá sányán. Àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ òde òní kò kọ òwe yìí sílẹ̀ rárá, àfi pé iye aṣọ inú àpótí ni wọ́n ń kà, wọn kì í wọ̀ ọ́. Nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, níbi tí wọ́n ti ń ṣe networking, èyíinì ni àpéjọ tí òṣìṣẹ́ ti ń wá ojúlùmọ̀ tí yóò wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀, a máa ń rí ẹni tí ń bọ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ti fò kọjá èjìká onítọ̀hún lọ bá ọ̀gá báńkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Káàdì ti jáde lápò kí orúkọ tó délẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di orí LinkedIn, ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, níbi tí wọ́n ti ń fi "500+" yan bí ẹni jẹ oyè.

Àwọn alágbàwí ìwà yìí kì í pẹ́ dárúkọ Mark Granovetter, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí ó kọ ọ́ ní 1973 pé ojúlùmọ̀ tí kò sún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí ló sábà ń mú ìròyìn iṣẹ́ wá, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ̀, ẹni tí ń wá iṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ibi tí wọn kì í kà dé ni pé irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, tàbí ẹni tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí, tàbí ọ̀gá ọjọ́ kan, tí wọ́n ṣì ń kíra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó gba káàdì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rí iṣẹ́ ta ni yóò jẹ́?

Àárọ̀, èyí tí í ṣe àdéhùn àwọn àgbẹ̀ láti jọ máa ro oko ara wọn, ti lágbájá lónìí, ti làmọ̀rín lọ́la, kò gba irú àṣehàn yìí, nítorí gbogbo ẹni tí a bá gbà mọ́ra ni a jẹ ní gbèsè ọjọ́ kan. LinkedIn fi 30,000 ṣe òpin ojúlùmọ̀ tí ẹnìkan lè ní. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni, tí akọṣẹ́mọṣẹ́ náà sì ń ro oko kan lójúmọ́ láìsinmi, yóò ju ọdún 82 lọ kí ó tó kárí wọn.