Alàgbà Òríjínà

Ní Arárọ̀mí, lẹ́bàá Géètì ní Ìbàdàn, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kì í béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bíírò méjì lápò àyà, àti náílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn a ní, "Alàgbà Òríjínà ti dé." Kabúrétọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ló wà nínú náílọ́ọ̀nù yẹn. Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, ó tún fi ààbọ̀ tówẹ́ẹ̀lì wé e lé ìwé ìròyìn lórí, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí. Kò sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án. Ojú ni kí o fi wò ó. Irú èyí gan-an ni mo fẹ́. Òríjínà!"

Kò sí àdúgbò tí kò ní irú Alàgbà yìí. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ògbólógbòó ẹrù ọ́fíìsì jáde láti tà ní gbàǹjo, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ra fíríìjì, òmíràn ra tábìlì, òun ra Toyota Land Cruiser píkọ́ọ̀pù oní-sílíńdà mẹ́fà. Títí di òní ni àkọ́bí rẹ̀ ń ṣe kàyéfì pé kí ni ẹni tó ra fíríìjì mọ̀ tí bàbá òun kò mọ̀. Ọkọ̀ náà sáà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Ó tún sin Alàgbà fún ọdún mélòó kan kí kabúrétọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀.

Bí ẹ kò bá kánjú, ẹ bi í léèrè irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ náà. "2F ni! Lítà mẹ́rin ó lé!" Yóò sọ fún yín pé ọdún 1975 ni Toyota gbé e jáde, pé kò sí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó lè já nídìí kámùṣáàfù rẹ̀, jíà ló fi ń yí. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, kì í kánjú, kì í sì í tètè kú. Ohun tí Alàgbà kò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí Toyota ṣe láyé, ti Chevrolet ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wò ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan fẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí níbi ìkómọ. Láti ọjọ́ náà ni Alàgbà ti ń sọ pé wọn kò kọ́ ọmọ yẹn nílé.

Ẹ sì wo ọkọ̀ òríjínà náà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn òsì wá láti ara ọkọ̀ mìíràn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ti ọ̀tún mu. Kápẹ́ńtà ló kan àga iwájú. Táǹkì epo ti jò láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ti inú rẹ̀ lọ síwájú. Bátìrì, ẹ̀yáwó ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan tó ti Japan wá lára píkọ́ọ̀pù yìí, àfi kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì yára pa á dé kí rewáyà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn má bàa rí i. Lórí èyí ni bàbá ti ń sọ pé kabúrétọ̀ tí kì í bá ṣe òríjínà yóò ba ọkọ̀ òun jẹ́.

Ẹ má jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ, ó ní ibi tó ti jàre. Kabúrétọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń mú so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú máa ń gba ọ̀nà ọ̀fun tóóró kan kọjá; bó bá ti ń sáré gba ibi tóóró yẹn, á fa epo jáde láti ojú ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Fúlóòtì ló ń ṣọ́ epo inú abọ́ rẹ̀ kó má kún jù, kó má sì gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ṣe ń wọn ọ̀fun àti jẹ́ẹ̀tì. Bí mẹkáníìkì bá gbé kabúrétọ̀ sílíńdà mẹ́rin ka orí sílíńdà mẹ́fà, tó fi irin pẹlẹbẹ kan dí àlàfo àárín wọn, ọkọ̀ yóò dún, yóò sì rìn ní ilẹ̀ títẹ́. Kó wá dé ìdí òkè Mọ́kọ́lá, ebi á pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo èrò á sì sọ̀ kalẹ̀ tì í.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í sọ pé kò sí. "Ẹ jókòó, Dádì, ó wà. Tòkunbọ̀ Bẹ́líjíọ́ọ̀mù ni, ó mọ́ nigínnigín."

"Japan ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ mi. Kí ni Bẹ́líjíọ́ọ̀mù wá ṣe níbẹ̀?"

Ọlọ́jà ti ṣẹ́jú sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ti fẹ́ẹ́ sáàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ti Datsun dé. Alàgbà wọ ìgò ojú, ó yí i padà, ó ka lẹ́tà tó wà nídìí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó dá a padà. Wọ́n gbé ti Peugeot 504 dé. Ó tún dá a padà, ó sì fi ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí, títí kan obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yíyan. Nígbà tí ọmọọṣẹ́ wá mú kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré wá, tí kò tó ìkúùkù ọmọdé, Alàgbà kò bínú. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó ní, "Kò kún ojú ìwọ̀n."

Bí Arárọ̀mí bá sú u, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayé yìí. Ibẹ̀ náà, wọn a ní kó jókòó, ó wà.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ń gbé ní Houston. Ìyẹn kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó, ló bá gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Kò ju ìdajì ọjọ́ kan lọ tó fi rí kabúrétọ̀ 2F gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tuntun, nínú páálí. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

"Níbo ni wọ́n ti ṣe é?"

"Dádì, Ṣáínà ni, àmọ́ àwọn tó rà á ní ó dára."

"Ṣáínà! Kí n wá fi ṣáínà sínú Toyota!"

Ó pa fóònù náà. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe fóònù náà.

Ọmọ náà kò jáwọ́. Ó fún ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ní kíítì tí wọ́n fi ń tún kabúrétọ̀ yẹn ṣe, láti Japan: gásíkẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ fúlóòtì, rọ́bà pọ́ǹpù, gbogbo rẹ̀ pé. Mẹkáníìkì wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí bàbá gbé náílọ́ọ̀nù dúdú yẹn wá, pé kó tó di ìrọ̀lẹ́ òun á ti tú u, òun á ti fọ̀ ọ́, ọkọ̀ á sì dúró jẹ́ẹ́ ní sìlóò. Ojú Alàgbà yí padà. "Àtúnṣe kọ́ ni mo wí. Odindi ni mo fẹ́." Ó gba kíítì náà, ó lọ tì í mọ́ inú àpótí tí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà.

Níbí ni èmi ti dá a mọ̀. Kì í ṣe kabúrétọ̀ ni Alàgbà ń wá. Iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fáìlì kì í kọjá tábìlì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó buwọ́ lù ú, kò sì sí ẹni tó lè gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kọjá láìkí i. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri, ọ̀rọ̀ parí. Arárọ̀mí ló dá ipò rẹ̀ padà fún un: wọ́n ń gbé nǹkan wá síwájú rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò fọwọ́ sí i.

Ó sì mọ ìṣirò. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ló ń fojú ẹ̀rù wo ẹ́ńjìnnì oní-lítà méjì, ká má tíì sọ lítà mẹ́rin ó lé. Ọjọ́ tí kabúrétọ̀ bá bọ́ sí i ni yóò di dandan kó ra epo. Kabúrétọ̀ tí kò sí kì í mu epo.

Màmá, ìyàwó rẹ̀, kò bá a jà. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sá ata sí, adìẹ wọn sì ti sọ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù di ibi tí wọ́n ń yé sí. Ẹyin yẹn ń mú owó wọlé, ohun tí ọkọ̀ náà kò ṣe rí nígbà tó ń rìn. Ọjọ́ tí ìjọba bá fún aráyé ní ìsinmi, tí ọjà tì, Alàgbà á wà nílé látàárọ̀: á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, á béèrè ẹni tó tan iná pálọ̀, á ní kí wọ́n mú ìwé iná mànàmáná wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá fúnra wọn ni í fún un lówó ọkọ̀.

Ẹ̀yin ará Arárọ̀mí, mo mọ̀ pé kò sí ohun tí ó sọnù láyé tí kì í sí lábẹ́ káńtà yín. Bí òríjínà 2F bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ti Màmá mọ́ ọn. Ẹ fi àga fún bàbá, kí ẹ sì tún gbé ti Datsun wá.