Mo Ra Okùn Gìtá Bí Ẹni Ra Léèsì

Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ Sunday, tí mo gbé gìtá oníná kọ́rùn, tí mo dijú bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti òkè, yóò rò pé mo mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn láì pààrọ̀ okùn rẹ̀, àfi èyí tó bá já. Òógùn ọwọ́ mi àti epo àkàrà tí mo máa ń jẹ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ti sọ ọ́ di dúdú. Bí mo bá ta á tán, ìka mi á dà bíi ti mẹkáníìkì.

Nígbà tí àìsùn ìdúpẹ́ ku ọ̀la, mo gba ọjà Dùgbẹ̀ lọ láti ra okùn tuntun. Ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, nọ́ńbà wo lẹ ń lò?" Mo ní mẹ́tàlélógójì. Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi. Bí okùn ṣe nípọn tó ló ń béèrè! Okùn tó tín-ínrín jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi ń pe odindi páálí: bó bá jẹ́ 0.009 ínǹṣì, "nine" ni. Bó bá jẹ́ 0.010, "ten" ni. Nine rọ̀ lábẹ́ ìka, ó sì tètè ń já ju ten lọ. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó mọ gbogbo ìyẹn o. Ojú mi ti lọ sára ọ̀kan tó ń dán yinrin bíi wúrà lára ìṣó.

"Gìtá tí kò lo iná nìyẹn wà fún, Bọ̀ọ̀dá."

Mo bi í bóyá wọ́n ti bí i nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Ẹ má bínú, mo ti sọ fún yín pé ọdún mẹ́rin ni. Ọmọ náà dákẹ́, ó gbowó.

Nílé, mo wé okùn mọ́ orí gìtá bí ẹni ń fi òwú kó irun, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Okùn ọ̀hún le bíi wáyà ìsáṣọ, ṣùgbọ́n ó bá kóòtù mi mu.

Ó di aago méjìlá òru, akọrin gbé orin. Okùn kìíní àti ìkejì ń ké bíi fèrè ọlọ́pàá. Mẹ́rin yòókù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo yí ampilifáyà sókè. Ìyá kan tó ti sùn lọ fò dìde, ó ní "Halelúyà!" Mo di ẹ̀bi ru ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ; ó pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ní ká gbàdúrà lé ẹ̀rọ náà lórí, a gbà á. Bí àdúrà ti ń lọ, okùn tí mo wé bí irun ń tú díẹ̀díẹ̀, ohùn wọn ń wálẹ̀, èmi náà ń ta á lọ.

Bàbá kan wà láàárín wa tó ti ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú nígbà èwe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo okùn mi, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé gìtá lo wá ta ni àbí o wá ṣe ọ̀ṣọ́?" Òun ló là mí lóye. Òòfà ló wà lábẹ́ okùn gìtá oníná, irin tí òòfà lè fà nìkan ló sì ń dá lóhùn. Irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ló yẹ kó wé mọ́ àwọn okùn tó nípọn. Idẹ ló wé mọ́ tèmi, òòfà kò sì ka idẹ sí ẹnì kan. Okùn kìíní àti ìkejì kò ní idẹ lára rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo.

Bàbá ní láyé àwọn, bí owó okùn tuntun kò bá sí, omi gbígbóná làwọn máa ń se èyí tó nípọn sí. Mo sáré relé. Ìkòkò ọbẹ̀ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo kó àwọn okùn dúdú tí mo yọ sí i. Àkàrà ọdún mẹ́rin léfòó. Ìyàwó mi yọjú, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé kí n ro àmàlà tì í ni?"

Okùn náà dún bíi tuntun lóòótọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún fi kú.

Ten oníníkẹ́ẹ̀lì ni mo ń lò báyìí, aṣọ gbígbẹ sì wà lápò mi tí mo fi ń nù ún bí ìsìn bá parí. Àkàrà ti di ẹ̀yìn ìsìn. Okùn aláwọ̀ wúrà ṣì wà nílé, òru kan péré ni mo lò ó. Bí ẹ bá ní gìtá tí kò lo iná, ẹ jẹ́ ká dúnàá-dúrà.