Ọdẹ Tí Kò Ro Ìṣẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹ fọkàn bá ọkùnrin náà lọ ná. Ó jẹun alẹ́ tán, ó de àtùpà mọ́rí, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọnú igbó tí ejò ti ń sùn tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí òun. Òjò pa á, òjò dá, yànmùyánmú fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàsè. Ó ṣe òru mẹ́ta, kò rí ju ipasẹ̀ òkété lọ. Òru kẹrin ló tó rí ẹtu kan pa. Bó ṣe gbé e délé, baálẹ̀ ń retí itan, àna ń retí apá, aládùúgbò tó ti ń hanrun láti ìrọ̀lẹ́ jí gìrì, ó mú àwo dání. Bó bá jẹ́ pé ìṣirò ni ọdẹ fẹ́ ṣe, òun nìkan ni ì bá jókòó ti ìkòkò náà títí egungun yóò fi tán.

Òwe yìí kò ní àríyànjiyàn nínú lójú tèmi, àfi ìgbà tí irú ọdẹ kan dé sáàárín wa tó dojú rẹ̀ dé. Ọdẹ yìí kò ro ìṣẹ́, kò ro ìyà, torí pé kò bá ọ̀kankan pàdé lọ́nà. Kámẹ́rà ni ìbọn rẹ̀, fóònù ni àpò rẹ̀. Kí a tó fọ ẹnu láàárọ̀ Sátidé, ó ti pa ẹran ọgọ́ta, ó ti kun ún, ó ti pín in fún gbogbo ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Àwo wa kún fọ́fọ́, ebi sì ń pa wá.

Àwa tí a jọ ṣe girama ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni Alágbà Lẹ́ǹsì ti ń pín ẹran tirẹ̀. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, torí pé ó ṣì ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn dópin. Ọdún méjì sẹ́yìn ló fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹlòmíràn a fẹ̀yìn tì, a máa sin adìẹ. Ẹlòmíràn a di díákónì. Ẹlòmíràn a fẹ́ ìyàwó kejì. Alágbà ra kámẹ́rà, ó sì ra lẹ́ǹsì kan tó gùn bí ọmọ odó. Ìyàwó rẹ̀ ní ká ní obìnrin ló gbé wálé ni, ìyẹn ì bá kúkú máa bá òun di ọmọ odó gidi mú.

Kí ló ń pa? Oòrùn tó ń yọ. Oòrùn tó ń wọ̀. (Mo ti gbé méjèèjì síra wọn wò, mi ò mọ èwo lèwo, mo sì fura pé òun náà kò mọ̀.) Alángbá lórí fẹ́ǹsì. Òkè Ìdànrè nínú kùrukùru. Lékelèke lẹ́yìn màlúù.

Lékelèke yìí ló ká mi lára jù. Ta ló dàgbà létí oko tí kò na èékánná sí lékelèke rí, pé kó bun òun ní funfun? Darandaran wo ni kò mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ màlúù ló mú ẹyẹ náà tẹ̀ lé e, pé tata tí pátákò màlúù ń lé jáde nínú koríko ló ń bá lọ? Ṣùgbọ́n Alágbà kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé òun bá ìyanu ìṣẹ̀dá pàdé, ó sì fi kún un pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í fi ni sílẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èèyàn mẹ́rìnlá ti pàtẹ́wọ́, ẹni méjì ti fi iná ránṣẹ́, pásítọ̀ àárín wa sì ti kọ ọ́ pé Ọlọ́run tóbi. Kò sí ẹni tó wo àwòrán náà nínú wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé èmi gan-an pàtẹ́wọ́ kí ó tó ṣí tán lórí fóònù mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Alágbà fi ẹyẹ kan ránṣẹ́ tó na apá méjèèjì lójú sánmà, ó ní ìdì nìyẹn, ọba àwọn ẹyẹ, ó sì fi ẹsẹ ìwé Aísáyà tó sọ̀rọ̀ ìyẹ́ apá ìdì tì í. Àmín ń rọ̀ bí òjò. Àbúrò kan wà láàárín wa tí bàbá rẹ̀ ṣe ọdẹ ní agbègbè Ìgbẹ́tì. Kì í sábà sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ ti rí i?”

“Lókè odò-ẹran ni, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ó ń rà bàbà.”

“Ẹ̀gbọ́n, àwòdì ni sà. Ẹ wo ìrù ẹ̀, ó là níparí bí ìrù ẹja.”

“Ìdì tí kò tí ì dàgbà ni.”

“Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bó ti wù kí àwòdì dàgbà tó, àwòdì náà ni yóò máa jẹ́.”

Alágbà kò fèsì. Lọ́jọ́ kejì, ó fi oòrùn ránṣẹ́; oòrùn kò ní ìrù.

Mo ronú lé e lórí. Ọdẹ tó ń lọ pa ẹran láyé àtijọ́ mọ ẹran yẹn ju bí púpọ̀ nínú wa ti mọ aládùúgbò wa lọ. Ẹ gbọ́ ìjálá. Ẹ ó gbọ́ bí ẹfọ̀n ti í rìn, ohun tí erin ń jẹ, irú igi tí ọ̀bọ fẹ́ràn, ìwà tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń hù bí ó bá bínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ nínú rẹ̀ jọ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1966, ẹni tó bá ka ibi oríkì àwọn ẹranko níbẹ̀ yóò rí ẹran náà kedere láìsí fọ́tò kan ṣoṣo. Ọdẹ tó fẹ́ pa ẹran mọ oríkì rẹ̀. Ọdẹ tó ní òun fẹ́ràn ẹran, kò mọ orúkọ rẹ̀.

N kò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bo tèmi. Mo lọ sí Ìkògòsì-Èkìtì níjọ́ kan. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ ohun tó ń gbé èèyàn lọ: omi gbígbóná sun láti ibì kan, omi tútù sun láti ibòmíràn, wọ́n ṣàn pàdé, wọ́n jọ ń lọ. Ẹ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ibí, ẹ ti tòsì bọ ọ̀hún, ẹ ó lanu. Àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ o: kámẹ́rà kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Omi kékeré méjì lábẹ́ igi ni ó rí, irú èyí tó máa ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa lójò. Ìyanu náà kọ̀, kò wọnú fọ́tò.

Èmi náà kọ̀, n kò gbà fún un. Mo kúnlẹ̀, mo gun òkúta, mo dùbúlẹ̀ sínú ewé. Nígbà tí mo rí ibi tó dára, tọkọtaya kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wẹ ọmọ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwòrán mi lè jọ ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò dé rí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà dúró lórí òkúta, ó ń gbọ̀n, mo ń ya igbó tí ẹsẹ̀ èèyàn kò dé. Mo ya fọ́tò 412. Nígbà tí mo délé, ọmọbìnrin mi bi mí pé, “Dádì, ibi tó gbóná àti ibi tó tutù yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára lóòótọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Bàtà kò kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ìròyìn kò tó àfojúbà ni a máa ń wí. Èmi lọ dé ibi àfojúbà, ìròyìn ni mo rù bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe àrùn àwa nìkan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ní ìdíje kan fún àwọn tó ń ya ẹranko igbó, ìdíje tó ti wà láti 1965. Àwòrán tó gba ipò kìíní ní 2009 jẹ́ ti ìkookò kan tó ń fo géètì oko kọjá lóru. Gbogbo ayé kan sáárá. Nígbà tó di oṣù kìíní 2010, wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà: àwọn adájọ́ ní ó dà bíi pé ìkookò ọ̀hún kì í ṣe ẹran igbó, pé ẹran tí wọ́n ti kọ́ bí a ti í fo nǹkan ni, láti ọgbà ẹranko kan nítòsí Madrid. Ẹ wò ó! Ìkookò tó gba owó iṣẹ́.

Ti Brazil tilẹ̀ tún lé kenkà. Nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Emas, àwọn ìdin kòkòrò kan a máa tanná lára òkìtì ọ̀gán lóru. Ọkùnrin kan ya òkìtì yìí pẹ̀lú ẹranko ẹlẹ́nu gígùn tí ń jẹ ìkán, tó sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ jẹun. Ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje kan náà ní 2017. Ní 2018, ẹnìkan ta wọ́n lólobó. Wọ́n pe àwọn onímọ̀ kí wọ́n fi ẹranko inú fọ́tò wé èyí tí wọ́n ki nǹkan sínú awọ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé dúró ní ibi ìgbàlejò ọgbà náà. Àmì ara ẹran méjèèjì bára mu. Òkú ni. Wọ́n gba ẹ̀bùn yẹn náà padà. Àwọn ayàwòrán méjèèjì ló ní àwọn kò jẹ̀bi, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá rí bí àwọn adájọ́ ti wí, ọdẹ kan ya ẹran tí wọ́n háyà, èkejì ya ẹran tó ti kú kó tó débẹ̀.

Èyí rán mi létí fọ́tò bàbá mi. Ó wọ agbádá, ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, omi ńlá kan sì ń já ṣòòròṣò láti orí òkè lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tí onífọ́tò kùn lọ́dà ni. Ibi tí wọ́n ti ká aṣọ náà ń hàn gbangba láàárín omi. Kò sẹ́ni tí bàbá mi tàn jẹ.

Pípín tí à ń pín fọ́tò yìí kò kúkú mọ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú ọgbà Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kìlọ̀ fún àlejò pé bí wọ́n bá ya àgbáǹréré, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ayé mọ ibi tí wọ́n ti yà á, torí fóònù lè tọ́jú ibi tí ibẹ̀ wà pamọ́ sínú fọ́tò, ẹni tó ń wá ìwo tà kò sì wá ju ìyẹn lọ. Ní 2016, àwọn aláṣẹ ọgbà náà tún figbe ta nípa áàpù tí àlejò fi ń júwe ibi tí kìnnìún wà fún ara wọn: ọkọ̀ ń sáré àsápajúdé kí wọ́n lè bá a níbẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ẹranko pa lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń lọ wo ẹranko. Ọdẹ ayé àtijọ́ kì í júwe ihò. A ṣáà mọ ìtàn Ọya, ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ nínú igbó tó di obìnrin, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí àṣírí náà bọ́ lẹ́nu ọdẹ.

Ní oṣù Òkúdu, Sátidé kan kọjá láìsí àwòrán. Ìkejì kọjá. Gúrúùpù dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tí kì í wo fọ́tò Alágbà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ṣé ara rẹ̀ le. Mo gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo bá a tó ń fi òróró pa ẹsẹ̀. Àṣé ẹnìkan ti sọ fún un pé ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, malimbe Ìbàdàn, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tó pupa lórí àti láyà. Onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1958, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí. Ọmọ Ìbàdàn ni Alágbà, ọdún méjìlélọ́gọ́ta, kò gbọ́ orúkọ ẹyẹ náà rí. Ó tọrọ àyè, ó wọ igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, láfẹ̀mọ́júmọ́. Ọjọ́ kìíní, òjò. Ọjọ́ kejì, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta, ó jókòó sórí ìjàlọ, kò sì lè kígbe, torí pé ohun kan ń mi lórí ẹ̀ka. Wákàtí márùn-ún, ó ní, láìmira.

“Ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí nǹkan.”

“Ṣé ẹ yà á?”

“Ẹyọ kan.”

Mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà. Alágbà Lẹ́ǹsì, ẹni tó ti fi alángbá bọ́ mi fún odidi ọdún méjì, wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ibo lo wà nígbà tí ìjàlọ ń jẹ mí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilé ni mo wà. Mo ń sùn ni.”

Ó dìde, ó tiro wọ yàrá lọ pẹ̀lú kámẹ́rà náà, mo sì gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́.