Bí Mo Ṣe Pa Ilà Ojú Màmá Mi Rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Lóṣù Kejìlá, nínú yàrá abẹ́ ilé tí mo háyà ní Penbrooke Meadows, lápá ìlà-oòrùn Calgary, mo pa ilà ojú Màmá mi rẹ́. N kò fi abẹ ṣe é o. Máósì ni.

Màmá fẹ́ ṣe ayẹyẹ àádọ́rin ọdún n'Íbàdàn. Àbúrò mi obìnrin ní kí n fi fọ́tò ìgbà ọmọge wọn ránṣẹ́, kí wọ́n fi tẹ báńà ní Mọ́kọ́lá. Inú Bíbélì ni mo fi fọ́tò náà sí nígbà tí mò ń bọ̀ ní Kánádà. Yìnyín ń já níta lọ́jọ́ náà, kò sí ibi tí mò ń lọ. Mo bá gbé ẹ̀rọ sikánà àlòkù tí mo rà ní 20 dọ́là kalẹ̀, mo ṣe bí ọ̀gá.

Mo kọ́kọ́ yan "Black & White", torí pé fọ́tò náà kò ní àwọ̀. Àṣé ti ìwé títẹ̀ nìyẹn: bí kò ṣe dúdú kirikiri, funfun báláú ni, kò sí eérú láàárín. Gèlè kan, eyín mélòó kan, àti òkùnkùn ló jáde. "Grayscale" ni ǹ bá yàn, àmọ́ inú ń bí mi, mo yan "Color", mo sì gbé dpi lọ sí 1200, kí wọ́n má pè mí ní ahun. Fọ́tò tí kò ju ínṣì 4 sí 6 lọ di àmì tíntìntín tó lé ní mílíọ̀nù 34. Fáìlì náà tó bíi 100 MB. Gmail kì í sì í gbé ju 25 lọ. Mo dín in sí 600, mo fi pamọ́ bíi JPEG.

Ojú Màmá wá mọ́ kedere, àfi ibi tí fọ́tò náà ti ká tó sì ti họ. Ìgbà náà ni mo rí bọ́tìnì kan: "Remove Scratches". Mo gbé e dé "High". Gbogbo ìlà pòórá. Mo tẹ "Save" mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀, mo fi ránṣẹ́, mo sùn.

Aago méjì òru ni fóònù dún. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni n'Íbàdàn.

"Àyìndé, ta lobìnrin tó wà lára báńà mi?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi? Ilà mi dà?"

Mo sáré tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ń dán bí àwo tánganran. Ìlà tín-ín-rín ni ẹ̀rọ náà ń wá, tó bá ti rí i, á fi àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bò ó. Báwo ló ṣe máa mọ pélé yàtọ̀ sí ibi tí èékánná ti ha bébà?

"Bàbá mi sanwó fún olóólà, mo ké títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwọ wá jókòó sí Kánádà, o nù ún lọ́fẹ̀ẹ́!"

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Nàìjíríà ti ọdún 2003 ní ká má kọlà fọ́mọ mọ́. Kò ní ká gba ti ìyá arúgbó.

Mo tún gbé fọ́tò náà sórí sikánà lóru yẹn, mo fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ láìfọwọ́ kàn án, mo fún èyí tí mo fẹ́ tún ṣe lórúkọ tirẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́: wọ́n ti tẹ báńà, ọ̀la sì ni ayẹyẹ.

Lọ́jọ́ náà, orí fídíò ni mo ti ń wò wọ́n. Màmá gba máákà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tó náwó, wọ́n rìn lọ bá báńà, wọ́n sì kọlà náà padà fúnra wọn: mẹ́ta lọ́tùn-ún. Ọwọ́ àgbà gbọ̀n díẹ̀, mẹ́rin ló bọ́ sósì.

Àbúrò mi ya báńà náà, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi báyìí, tòun ti ilà méje. N kò tún un ṣe.