Irin Ń Bẹ Nínú Ẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, kí n má baà pariwo. Èmi kì í ṣòfófó o. Ọ̀kánkán fèrèsé mi ni wọ́n kàn ti ń da dẹ́kìn. Bàbá tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níwájú wa yìí, tí kòkó ṣe lóore lẹ́sìí, òun ló ń bá bíríkìlà fa ọ̀rọ̀ lórí irin! Ó ní irin tí wọ́n tò ti pọ̀ jù, kí wọ́n yọ ìdajì. Bíríkìlà ní: “Bàbá, kánkéré ò kọ ẹrù, ẹ gbé e lé e lórí, á rù ú. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá tẹ àárín ẹ̀, abẹ́ á fẹ́ ya. Irin tó wà lábẹ́ ló ń dì í mú.” Bàbá fi àgbàdo sẹ́nu, ó yíjú.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Kenzo Tange, ará Jàpáánì tó máa ń ya ilé kánkéré. Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Àbí ẹ ò dé Àbújá rí? Ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Osaka. Hiroshima ló ti kàwé nígbà ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ Le Corbusier, ọ̀gá nínú ilé yíyà, nínú ìwé ìròyìn, ló bá ní ilé yíyà lòun ó fi jẹun. Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní 1945. Nígbà tí wọ́n wá du iṣẹ́ ọgbà ìrántí ibẹ̀ ní 1949, òun ló mókè. Ó gbé mùsíọ́mù lé òpó kánkéré, abẹ́ ẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á rí àwókù ilé tí bọ́ǹbù fi sílẹ̀ ní ọ̀kánkán gbọnrangandan.

Ẹ jẹ́ n ya bàrá díẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ti Àbújá dé, ó ń yangàn nípa Àpáta Aso. Ní Ìdànrè níbí! Ọmọ tó ti ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ sí Òkè Ìdànrè láti kékeré! Bí Aso bá dé ìlú wa, ayálégbé ni.

Níbo ni mo dúró ná? Ẹn-hẹ́n. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ya Àbújá ní 1979, Tange ló to àárín ìlú. Bó ti ṣe ní Hiroshima ló ṣe é: ìlà kan gbọọrọ tó dojú kọ Aso, tí ilé ìjọba wà lẹ́sẹ̀ àpáta. Ní 1987, wọ́n fún un ní Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn tó ń ya ilé, òun ni ará Jàpáánì àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹni ọdún 91 ni nígbà tó kú ní 2005.

Òun kì í sábà kun kánkéré ẹ̀ lọ́dà, ihòòhò ló ń fi í sílẹ̀. Àmọ́ irin ń bẹ nínú ẹ̀! Ẹni tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹ̀ bíi ti Jàpáánì kì í ṣahun irin. Àbí torí pé orí àpáta làwa jókòó sí ni bàbá yìí ṣe ń…

Háà! Ìyàwó wa, ẹ kú ọ̀nà o! Kòkó yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbẹ? A kàn ń sọ pé ilé yín á mà dùn-ún wò ni!