Ọjọ́ Tí Baba Dúdú Pa Mí Lẹ́nu Mọ́

Bí ènìyàn bá fi ogójì ọdún gbé àdúgbò tí à ń pè ní Ajégúnlẹ̀, tí Ajé Ògúgúlùsọ̀, ọ̀rẹ́ olówó, ọ̀tá akúṣẹ̀ẹ́, kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo gúnlẹ̀ sí àpò rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, yóò máa wá ọgbọ́n tí yóò fi fa ajé náà lọ́wọ́ wọlé. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ìkòkò nìyẹn. N kò ní fi ohun kan bò nínú ìtàn náà, nítorí pé àwọn tí ó ṣojú wọn ní òpópónà wa pọ̀ ju iye ẹni tí mo lè fi owó dí lẹ́nu lọ.

Akọ̀wé tálì ni mí tẹ́lẹ̀ ní èbúté Apápá. Ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí mo ń ka ẹrù bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́. Mo ka ṣúgà funfun nínú àpò oníkílò 50 títí ojú mi fi ń rí i lójú oorun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣúgà ti Dangote sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Apápá ní 2000, tí ṣúgà tí a kò tíì fọ̀ ń ti Brazil dé nínú ikùn ọkọ̀, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iyanrìn etí odò, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà lọ́kàn mi pé kò sí ẹni tí ó mọ ṣúgà tó mi ní gbogbo Ajérọ̀mí, agbègbè wa. Ẹ jẹ́ kí n dá ara mi lẹ́bi láti ibẹ̀ lọ: ẹni tí ń ka màlúù ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹran, ìyẹn kò sọ ọ́ di alápatà.

Ọmọ-ọmọ mi, ẹni ọdún méje, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó fún mi ní súìtì kan tí a fi náílọ́nù aláràbarà wé, mo tọ́ ọ wò, mo sì tu ú dànù. Ni mo bá jókòó tì í, mo ń ròyìn àwọn ìpápánu ayé ọjọ́un fún un: gúrúdì tí ń dún kùrẹ́kùrẹ́ lẹ́nu, sísì pẹlẹbẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe, èékánná Gówọ̀n, tí a fi orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣe olórí wa láti 1966 títí di 1975 pè (n kò mọ ẹni tí ó yẹ èékánná ọkùnrin náà wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀), àti àléwà àwọn Hausa, tí mo fi ojú ara mi rí bí ọkùnrin kan ti ń ṣe é nígbà èwe mi. Yóò se ṣúgà àti omi pẹ̀lú ìwọ̀nba omi ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ṣúgà náà padà di hóró. Yóò gbé e kọ́ ìṣó ńlá tí ó wà lára òpó, yóò fà á gùn, yóò ká a padà, yóò tún fà á, títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀, tí ohun tí ó pọ́n bí oyin yóò fi di funfun bí lékeléke.

Ṣùgbọ́n baba gbogbo wọn ni baba dúdú, adúmáadán, ẹlẹ́nu oyin, akorò-díẹ̀-kó-tó-dùn. Àgbọn àti ṣúgà nìkan náà ni. A ó rin àgbọn, a ó fi omi gbígbóná fún un, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì se omi funfun náà pẹ̀lú ṣúgà títí omi yóò fi gbẹ, tí òróró yóò yọ, tí ṣúgà yóò sì jóná díẹ̀. Inú “díẹ̀” yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà, àmọ́ n kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ìyá kan ń bẹ ní òpópónà wa tí ó ti ń ṣe é kí n tó kó dé Ajégúnlẹ̀, Ìyá Oníbaba-dúdú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Èmi náà fẹ́ máa ṣe é tà, mo bá tọ̀ ọ́ lọ, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n wo ni ẹ ń lò? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ fi ń gbé e ka iná?” Ó wò mí títí, ó ní, “Akọ̀wé, wá jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o máa wò ó.” Èmi, ẹni tí ọ̀gá ọkọ̀ òkun ń bọ̀ lọ́wọ́, ni kí ó lọ jókòó lórí àpótí nídìí iná, kí àwọn ọmọ máa rí i? Mo dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin sì ni ọmọdé ọjọ́ náà.

Ní ọjà Boundary, níbi tí Apápá ti fi ilẹ̀ lé Ajégúnlẹ̀ lọ́wọ́, mo ra àgbọn mẹ́wàá tí ẹni tí ń tà wọ́n búra pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti wá. Mo rí àwọn obìnrin tí ń mi àgbọn lẹ́bàá etí wọn, mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Èmi ní tèmi ṣa àwọn tí kò dún rárá, mo ní èyí tí kò bá dún ni inú rẹ̀ kún. Nígbà tí mo fọ́ wọn nílé, omi ti gbẹ nínú mẹ́fà, ara wọn ti pọ́n, wọ́n sì ń rùn bí ọṣẹ àlòkù. Mẹ́rin tí ó kù ni mo rin, pẹ̀lú awọ ìka mi méjì.

Mo ti kà á nínú ìwé kan pé ṣúgà ní láti gbóná dé nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kí ó tó lè máa ṣẹ́ kán bí ó bá tutù. Inú mi dùn sí 150 yìí, nítorí pé èmi àti nọ́ńbà ti jọ dàgbà. Mo yá tẹmómítà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi (ilé fésì-mi-áì-fésì-yù ni à ń gbé), n kò sì sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún un. Ẹ̀yin ará, ohun tí a fi ń wọn ibà ènìyàn kì í kọjá 42, ní 42 sì rèé, ṣúgà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo tì í bọ inú ìkòkò. Ó dún pà! Makíúrì tú jáde, ó ń yí gbirigbiri nínú ìkòkò mi bí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà. Májèlé pọ́ńbélé ni. Àti ìkòkò àti orógùn ni a dì pa tí a kó dànù, nọ́ọ̀sì sì dúró tì mí, ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn tí kò ní ẹbí. Mo ra tẹmómítà tuntun san án padà.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọjọ́ kejì, mo tún ra àgbọn (mo mì wọ́n lọ́tẹ̀ yìí), mo sì yá ìkòkò. Omi gbígbóná ni mo fi fún un, èyí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n garawa kan ni mo dà sí i, níbi tí ife mẹ́ta yóò ti tó. Láti ọ̀sán ni ó ti ń hó, mo rọ kẹrosíìnì sí sítóófù lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ìyàwó ilé tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọn kò tíì sè, wọ́n ń pòṣé ní èdè mẹ́rin. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tí ó ń pọ́n, tí òórùn rẹ̀ gba ilé kan.

Mo ti máa ń rí Ìyá tí ó ń kán an sínú omi tútù, tí ó sì ń dẹ etí sí i. N kò mọ ohun tí ó ń gbọ́. Mo kán tèmi náà sínú omi, mo dẹ etí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bá sọ ọ́ sẹ́nu, mo gé e jẹ. Ó ku díẹ̀ kí ó jinná, ìgbà tí ó sì burú jù lọ nínú ayé baba dúdú nìyẹn, ìgbà tí ó dàbí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Eyín àtọwọ́dá mẹ́rìnlá ni mo ní lókè, mẹ́rìnlá nísàlẹ̀. Mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n wọn ṣe májẹ̀mú, wọ́n sì kọ̀ láti yà.

Àsìkò yìí gan-an ni onílé wọlé. “Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o!” Mo ní, “Mmm.” Ó ní, “Ṣé kò sí?” Mo ní, “Mmmm!”, mo sì ń nàka sí ẹnu, òógùn ń já bọ́ lójú mi nítorí iná. Ó figbe ta: “Ẹ gbà wá o! Bàbá ti rọ lẹ́nu!” Kí ẹ tó pajú pẹ́, gbogbo ilé ti dé. Ìyá Urhobo tí ó wà ní yàrá ìkẹyìn gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń lé ẹ̀mí búburú. Bàbá Ìlàjẹ kan sáré lọ gbé àgbo. Ọmọkùnrin Igbo tí ń ta páàtì ọkọ̀ ti dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ń bá a ná owó ọ̀nà. Ẹnì kan wá ní kí wọ́n fún mi ní omi tútù. Wọ́n fi ìka la ètè mi, wọ́n da omi inú fìríìjì sí i.

Omi yẹn ni ó parí iṣẹ́. Ohun tí ó ń fà bí àtè tẹ́lẹ̀ gan pa, ó le bí òkúta, bí mo sì ti gbìyànjú láti ya ẹnu mi, nínú orí ara mi ni mo ti gbọ́ ọ, tí ó ṣẹ́ ní etí kan: kán! Ohun tí Ìyá ń dẹ etí sí nìyẹn.

Òórùn ni ó mú òun náà wá. Kò wò mí. Ìkòkò ni ó kọ́kọ́ wò. Ó gba orógùn, ó rò ó lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, “Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, kí ó fi sẹ́nu, kí ó má gbé e mì. Kò sí ohun tí ó ṣe é. Akọ̀wé kọ́ ni ó ń jẹ baba dúdú, baba dúdú ni ó ń jẹ Akọ̀wé.”

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó, orí àpótí náà sì ni, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú fún omi, tí mo ń wo Ìyá bí ó ti da ìkòkò mi sórí pátákó tí ó fi òróró pa, tí ó fi òróró ra ọwọ́, tí ó ń gé e, tí ó ń yí i ní gbígbóná, tí ó ń wé e, tí ó sì ń tà á fún àwọn tí ó wá wo òkú mi. Ó tà tán kí eyín mi tó já ara wọn sílẹ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó mú tirẹ̀, ó nawọ́ tèmi sí mi, ó ní, “Ó ku ọjọ́ méjì.”

Mo lọ fún ọjọ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ òpópónà, bí mo bá ń kọjá, yóò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí wọn yóò ní, “Ẹ káàárọ̀, Baba Dúdú,” tí n kò sì lè bá wọn jà, nítorí pé baba ni mí, mo sì dúdú.