Pródúsà Inú Yàrá, Orin Dà?

Ẹ bá mi kí pródúsà inú yàrá! Ọmọ Awo-YouTube-mọ́jú, ọmọ Abẹ̀rẹ̀-orin-má-parí, ọmọ Atilẹ̀kùn-mọ́-ìyá-tó-gbóúnjẹ-wá. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní orin lòun ń ṣe. Bí ẹ bá ní kó gbé ọ̀kan sí i ká gbọ́, á ní ó kù díẹ̀. Ó ti ń kù díẹ̀ bọ̀ látìgbà tí dọ́là kan kò tíì ju irínwó náírà lọ.

Kí ló dá a dúró? Sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń ṣe orin ni. Kò tíì mọ èyí tí yóò lò.

Ní 1967 tí àwọn Beatles ń ṣe àwo Sgt. Pepper ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ olójú-ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀. Mẹ́rin péré! Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kún, wọn a pa wọ́n pọ̀ kí àyè lè gba òmíràn. Nílé tiwa níbí, Haruna Ishola àti I.K. Dairo jọ dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969, kò sì sí ẹni tó béèrè RAM lọ́wọ́ wọn. Agídìgbo tí wọ́n fi ń lu àpàlà ò ní kí wọ́n mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò sọ pé òun fẹ́ ṣe update. Pródúsà tiwa ní láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ tó lè ṣí ojú ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ó sì ti ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ló ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e lọ sọ́jà.

FL Studio ló kọ́kọ́ rí, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó fi ń ṣe bíìtì. Image-Line ní ilẹ̀ Belgium ló ṣe é. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú ní 1997, FruityLoops ló ń jẹ́, orúkọ tó yẹ oúnjẹ òwúrọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ ìlù kékeré lásán sì ni. Ní 2003 ni wọ́n tó fún un lórúkọ àgbà. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti rà á lẹ́ẹ̀kan ò tún ní san kọ́bọ̀ nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde. Pródúsà wa mọ èyí. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Kò kàn tíì rà á ni. Ẹ̀dà ìtọ́wò ló ń lò.

Ẹ̀dà ìtọ́wò yìí sì gbọ́n. Á jẹ́ kí o ṣe gbogbo ohun tó wù ọ́, á tiẹ̀ jẹ́ kí o tọ́jú iṣẹ́ rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti pa á, tí o padà wá pé kí o ṣí iṣẹ́ ọ̀hún, ó di ọjọ́ tí o bá sanwó. Kí ni pródúsà wá ṣe? Ó ní òun ò ní pa á! Ó ń sùn, bíìtì wà ní ṣíṣí. Ó lọ jẹ ìrẹsì níbi ìgbéyàwó, bíìtì wà ní ṣíṣí. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù ń sunkún, kò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú tipẹ́, wáyà ara ògiri nìkan ló ń bá a mí. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí kò tíì dé sínú ìtàn yìí.

Nẹ́pà dé. Wọn ò kanlẹ̀kùn.

Gbogbo àdúgbò ló ké, bí a ṣe máa ń ké. Ṣùgbọ́n igbe ti pródúsà yàtọ̀. Ó gùn, ó dùn, ó wà lórí kọ́ọ̀dù, kò yẹ̀ rárá. Ohùn tó dára jù tó tíì ti ẹnu ẹ̀ jáde nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó wà ní títàn láti gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ yìí ló wá lọ bá bọ̀bọ́ kan tó ń ta kíráàkì nínú fláàṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣí irú ẹ̀ rí, ẹ má díbọ́n. Àpótí kékeré kan á yọ, á máa pèsè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí sọ́fútíwíà, á sì máa kọrin fúnra ẹ̀, tín-tìn-tín-tìn. Orin ọ̀hún ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ìlù ẹ̀ ò ṣìṣe. Orin kan ṣoṣo tó pé pérépéré tí wọ́n tíì gbọ́ látinú láptọ́ọ̀pù yẹn nìyẹn, olè ló sì ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì tó bá a wọlé ni èènì. Pródúsà yìí kan náà ló ń lọ sórí Facebook lálẹ́ láti bú àwọn tó ń da orin olórin kọ láìsanwó. Ó ní ká ṣàánú oníṣẹ́ ọnà. Àánú ò ṣa dé Belgium.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lówó ò ní láti jalè. Audacity ń bẹ nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 2000. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó fẹ́ ka ewì sílẹ̀, tàbí kó kọrin kó sì gé ibi tó ti húkọ́ dànù, ó tó o. Pródúsà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ojú ẹ̀ ò jọ ti ọ̀gá. Lóòótọ́, ẹni tó fẹ́ jókòó to ìlù àti dùùrù látorí kọ̀ǹpútà á rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá Audacity fún nìyẹn. Èmi á ní kó mú Reaper. Justin Frankel tó ṣe Winamp, tí àgbà inú yín fi gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́un, ló wà nídìí ẹ̀. Fáìlì ẹ̀ kéré débi pé dátà tó máa jẹ ò tó ti fídíò kan ṣoṣo tí pródúsà fi ń wo "sọ́fútíwíà mẹ́wàá tó dára jù lọ láyé". Wọ́n fún ọ ní ọjọ́ 60 kí o fi dán an wò, lẹ́yìn náà dọ́là 60 fún ẹni tó ń lò ó nílé. Bí o ò bá sì san, wọn ò tì ọ́ síta. Á kàn máa rán ọ létí gbèsè rẹ nígbàkígbà tí o bá ṣí i. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé ojú á tì ọ́. Wọn ò mọ̀ pé ìyá oníbúrẹ́dì ti rán ọ létí títí ó ti sú u.

Pródúsà ní rárá, Logic lòun fẹ́. Logic ò sí lórí Windows mọ́ látìgbà tí Apple ti ra àwọn ará Jámánì tó ṣe é ní 2002. Ó ní kò burú, òun á ra Mac. Orin wá ń dúró de Mac, Mac ń dúró de owó, owó ń dúró de orin.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ti wá mú ọ̀kan. Ó so gbohùngbohùn mọ́ ọn, ó dé hẹ́dífóònù, ó dijú. Ó kọ "Olúwa", "Olúwa" ọ̀hún ò padà bá a létí àfìgbà tó ti dé "ṣeun". Ó bínú, ó pa sọ́fútíwíà rẹ́, ó wá òmíràn. Òmíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó ní iṣẹ́ ayé ni, ó sì mọ ẹni tó ń ṣe é nínú ẹbí bàbá òun.

Àbúrò mi, fi bùọ̀dá bàbá ẹ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń gé ohùn rẹ sí wẹ́wẹ́, 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì máa kó wọn jọ ní ìdì-ìdì kó tó rán wọn jáde. Ìwọ̀n ìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní buffer. Bí o bá fi í sí 1024, ìdì kan ti gba nǹkan bí ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn á dúró nígbà tó ń wọlé, á tún dúró nígbà tó ń jáde, Windows fúnra ẹ̀ á sì fi tiẹ̀ kún un. Fà á wálẹ̀ sí 128, ó di nǹkan bí ìdá 3. Tó o bá ń kọrin, fà á wálẹ̀. Tó o bá ń po ohùn àti ìlù pọ̀, gbé e sókè kí kọ̀ǹpútà lè ráàyè mí. Wá dráífà ASIO sí i tó bá jẹ́ Windows lò ń lò, kí ìdádúró tiẹ̀ lè dínkù. Gbogbo ayé tó ń bá ọ jà kò jùyẹn lọ. Sọ́fútíwíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o pa rẹ́ ń kí ẹ.

Ìgbà tó wá gbọ́ ohùn ara ẹ̀ kedere ni wàhálà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sáré wá Auto-Tune, tí wọ́n fi ń tún ohùn tó bá yẹ̀ ṣe. Andy Hildebrand tó ṣe Auto-Tune, ìdí iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti wá: wọ́n á rán ìró wọnú ilẹ̀, òun á fi ìṣirò wo bí ìró náà ṣe padà, kí wọ́n lè mọ ibi tí epo sùn sí. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló gbé wọnú orin ní 1997, ọdún kejì ẹ̀ sì ni Cher gbé "Believe" jáde tí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ọ̀hún lè ṣe. Ẹ rí i pé ó ti mọ́ ọkùnrin yìí lára láti wá ohun tó rì wọlẹ̀ jìnnà. Síbẹ̀, ẹ gbé ohùn pródúsà wa fún un, mo fẹ́ rí i kó má bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà sídìí epo.

Ní ti yàrá ńkọ́? Ó ti lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri, ó ní ariwo ò lè wọlé mọ́. Páálí ẹyin ò dá ariwo dúró o, ká má tíì wá sọ ti ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ti wá gba bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá wá ṣèèṣì parí orin kan, ẹ bá mi gbọ́ ọ dáadáa. Láàárín orin, nígbà tí gìtá bá sinmi, ohùn obìnrin kan á ti ojú fèrèsé wọlé: "Àkàrà gbóná rèé o!" Ó bọ́ sórí ìlù gẹ́lẹ́, kò ṣáájú, kò gbẹ̀yìn, kò lo Auto-Tune. Ibẹ̀ nìkan ni gbogbo àdúgbò á máa bá a gbè. Ìyá alákàrà náà á gbọ́, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n san ìpín tòun, òun ò sì gba àwìn.